Plagiarism kọjá nọ́ńbà

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti dídì ni mo ń ṣe ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń múra àtifi pírójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ohun tí mo máa ń gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín plagiarism mi kù. 34% ló wà, wọn ò fẹ́ kó ju 20% lọ."

Mi kì í gba irú iṣẹ́ yẹn. Plagiarism ni kéèyàn gbé iṣẹ́ tàbí èrò ẹlòmíì kalẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Turnitin, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, tó ń gbé nọ́ńbà yẹn jáde, kì í mú olè. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín bá ti bá ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpamọ́ rẹ̀ mu ló ń tọ́ka sí. Ẹ lè fa ọ̀rọ̀ onímọ̀ kan yọ, kí ẹ fi àmì àyọlò sí i, kí ẹ dárúkọ rẹ̀, kó ṣì kà á mọ́ ọn. Ẹ sì lè kó odindi èrò ẹlòmíì, kí ẹ yí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ padà, kó má rí nǹkan kan. Ẹni tó ṣe ti ìkejì yìí ló jí iṣẹ́ oníṣẹ́, kódà bí nọ́ńbà rẹ̀ ò bá ju 5% lọ.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo tẹ pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà kan. Iléṣà ló lọ, ó ń gba oríkì ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Àwọn kan kò fẹ́ kì í fún àjèjì, ó ń padà lọ bẹ̀ wọ́n. Orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan àti àdúgbò rẹ̀ ló kọ sábẹ́ oríkì tó gbà. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá. Mo ṣí orí kẹrin, oríkì wọ̀nyẹn náà ni, àlàyé ọmọbìnrin yẹn náà ni, ó kàn yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ àwọn ìyá ti pòórá. Ó ní, "Kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Àǹtí, kò lè mú un." Òótọ́ ni, ìwé dídì orí pẹpẹ ni, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Kì í ṣe ọmọbìnrin yẹn nìkan ló jà lólè, ó ja àwọn ìyá yẹn náà.

Nínú Ifẹ̀ tiwa yìí! Ẹ tẹ́tí sí babaláwo tó ń kì Ifá: lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ awo tó dá a ló ń kọ́kọ́ pè, kó tó dé "A díá fún". Oníjàálá náà á júbà ọ̀gá tó kọ́ ọ.

Àwọn kan tún ń da plagiarism pọ̀ mọ́ rírú ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé (copyright). Ẹni tó ṣe fọ́tòkọ́pì odindi ìwé láìgbàṣẹ, tí orúkọ òǹkọ̀wé sì wà lára rẹ̀, òfin ló rú, kò sọ pé òun ló kọ ọ́. Ẹ̀tọ́ yẹn sì lópin: ní Nàìjíríà, 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni lè tẹ ìwé náà, ṣùgbọ́n kò di tirẹ̀.

Ẹni tó bá wá bá mi báyìí, ìwé tó kà ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ kó jáde. A ó jọ wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ kùn: ta ló sọ èyí? Tó bá mọ̀ ọ́n, a ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, á padà lọ wá a, mi ò ní di ìwé náà títí á fi dé.