Mo Gbé Ìwo Màlúù Wọ Bọ́ọ̀sì, Ojú Mi Rí Màbo

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìwo màlúù ò wọ́n, ẹ bi í bóyá ó ti gbé e wọ ọkọ̀ èrò rí. Ìwo fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn. Mo mọ ibi tí àwọn alápatà ti ń dà á nù, tí ajá ń gbé e kiri. Àmọ́ kó tó kúrò lórí màlúù, kó tó di ife tàbí bọ́tìnnì, gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa gbowó lọ́wọ́ yín. Àwọn tí kò fọwọ́ kàn án á sì bú yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Kara ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba títì Èkó sí Ìbàdàn mọ ibẹ̀: ọjà màlúù tó wà létí Odò Ògùn, kété tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Berger. Ẹ ò ní í tíì rí ọjà náà tí òórùn rẹ̀ á ti kí yín káàbọ̀. Ìyá kan ló bẹ̀ mí níṣẹ́ ife ìwo fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ígbò ni àwọn àna wọn, àwọn Ígbò sì fẹ́ràn kí wọ́n fi ìwo mu ẹmu níbi ayẹyẹ. Èmi náà ní i lọ́kàn pé èyí tó bá ṣẹ́kù, màá fi gé bọ́tìnnì àti òòyà.

Kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì wọ bàtà òjò. Mo rí arábìnrin kan tó wọ sálúbàtà funfun wá síbẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí. Tó bá ti di ọ̀sán, àwọn tó ń kó ìwo àti pátákò lọ sókè òkun ti kó èyí tó dára lọ. Àpò àpò ni àwọn yẹn ń rà, wọn kì í ṣà á. Ìdí nìyẹn tí èèyàn bíi tèmi, tó fẹ́ díẹ̀ tó sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á, fi máa ń jìyà níbẹ̀.

Àlàájì tí mo bá níbẹ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Màdáámù, oògùn lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní rárá, ife ni.

"Ife." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ₦6,000 ni méjì. Ìwo tí ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ lára rẹ̀, tí irun orí màlúù ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀! Mo ní ₦1,000. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi Hausa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Bayarabiya", ìyẹn obìnrin Yorùbá, nìkan ni mo sì gbọ́ níbẹ̀. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe oríkì ni wọ́n ń kì mí. Mo bá tiwájú mi lọ. Ó jẹ́ kí n rìn títí dé ibi tí wọ́n ti ń sun pọ̀nmọ́ kó tó ní kí ọmọ kan sáré pè mí padà. A parí rẹ̀ sí ₦2,000, pẹ̀lú àdéhùn pé èmi ni màá fọwọ́ ara mi ṣà á. Ó ṣì wọ́n jù, àmọ́ èéfín pọ̀nmọ́ ti wọ̀ mí lójú.

Nínú ṣíṣà yìí, ẹ má kánjú. Ìwo màlúù funfun tí wọ́n ń pè ní Bunaji ló dára jù fún ife: ó gùn, ó tẹ̀ sókè dáadáa, ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣónṣó rẹ̀ sì dúdú. Ti Rahaji, màlúù pupa yẹn, tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá rí i rà. Ti Gudali kúrú, òrùka àti bọ́tìnnì ni ẹ lè rí nínú rẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án káàkiri bóyá ó ti là. Ẹ wo bí èèpo rẹ̀ ṣe nípọn tó létí ìdí, nítorí èyí tó fẹ́lẹ́ á fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lábẹ́ ayùn.

Bí mo ṣe ń ṣà á lọ ni Àlàájì fa àpò mìíràn jáde. Ìwo gbígbẹ ló wà níbẹ̀, ó mọ́, kò rùn, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní àwọn màlúù tó kú sójú ọ̀nà ni, nínú tírélà, nígbà tí wọ́n ń kó wọn bọ̀ láti òkè Ọya. Mo ní ó ṣeun. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé àrùn anthrax pa ẹran ní ìpínlẹ̀ Niger, àrùn náà máa ń ran èèyàn, ó sì máa ń bá awọ, irun àti ìwo ẹran rìn. Ẹran tó kú fúnra rẹ̀, tí ẹ ò mọ ohun tó pa á, ẹ má ra ohunkóhun lára rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ó wá ku ọkọ̀ tó máa gbé èmi àti ìwo dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ọ̀yọ́.

Mo ti fi ọ̀rá onípele méjì wé àwọn ìwo mi, mo kó wọn sínú àpò ìrẹsì, mo tún gbé gbogbo rẹ̀ sínú Ghana-must-go. Agbèrò ní Berger bi mí pé kí ló wà níbẹ̀, mo ní ẹrù ni. Ó ní ẹrù yìí wúwo, ó gba ₦1,500. Búùtù ti kún fún ẹ̀wà àti gààrí àwọn ẹlòmíràn, wọ́n bá ti tèmi sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan títí a fi kọjá Ṣàgámù. Oòrùn mú, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú. Ẹnì kan ní bóyá eku ló kú sínú mọ́tò. Mo ń wo ojú fèrèsé ní tèmi. Lójijì ni awakọ̀ kó sínú kòtò. Ṣónṣó ìwo kan gún àpò já, ìwo náà sì yọ́ jáde, ó rọra yí lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá kan tó wà níwájú mi.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Ká sọ pé ejò ni, ariwo náà ò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti yọ fóònù rẹ̀ síta, ó ń ya fídíò. "Ẹ wá wo ohun tí obìnrin yìí gbé sínú mọ́tò o!" Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní àfọ̀ṣẹ ni. Ẹlòmíràn ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Mo ń pariwo pé màlúù ni, màlúù tí gbogbo yín ń jẹ, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́?

Bàbá arúgbó kan tó ti ń sùn bọ̀ láti Berger ló lajú. Wọ́n wo ìwo náà, wọ́n wo àpò, wọ́n wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe oògùn, ìwo kan ló máa gbé, kì í gbé odindi àpò. Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo ọkọ̀ wá yíjú sí wọn: "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ibẹ̀ ni mo ti ráyè yọ fóònù tèmi, mo ń fi àwòrán òòyà àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí mo ti ṣe hàn wọ́n. Ìyá tó kígbe gba fóònù náà, ó ń fi ìka fẹ àwòrán. Ó ní èló ni òòyà yìí. Mo sọ fún un. Ó tún ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Awakọ̀ ò fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ó gba ₦3,000 mìíràn kó tó ṣíná. Nígbà tí mo fi dé Ìbàdàn, owó ọkọ̀ àwọn ìwo wọ̀nyí ti ju tèmi lọ. Ìmọ̀ràn mi: ọkọ̀ akẹ́rù ni kẹ́ ẹ wá, èyí tó ń kó tòmátì tàbí àgbò. Òórùn ò jọ àwọn yẹn lójú.

Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ò ní ìtàn.

Bàbá tí mo lọ bá ní Ọ̀yọ́, igbá fínfín ni wọ́n bá lọ́wọ́ baba wọn, ìsọ̀ wọn ò sì jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, àpò ni wọ́n ń wò. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Èyí tí wọ́n dú ni àbí èyí tó kú?" Kí n tó fèsì, wọ́n ti gbé ọ̀kan sí imú. Ọkàn mi balẹ̀.

Wọ́n ní ìkòkò kan lẹ́yìnkùlé tí kò níṣẹ́ mìíràn ju ìwo lọ. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ yín. Ìwo màlúù ní egungun nínú, èèpo òde ni oníṣẹ́ ọwọ́ ń wá. Omi híhó ló ń tú ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Nígbà tó ti hó tó bíi wákàtí kan, Bàbá fi àkísà di ọ̀kan mú, wọ́n gbá a mọ́ òkúta, wọ́n lọ́ ọ díẹ̀. Pọ́ọ̀! Egungun jáde. Àwọn kan máa ń rì í sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè rà fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní aládùúgbò, ẹ gbàgbé ìyẹn.

Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà, n kò rí irú rẹ̀ nínú fídíò kankan. Wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, wọ́n tì í bọ inú ìwo títí tí kò fi lọ mọ́. Wọ́n fi èékánná di ibi tó bá etí ìwo mu, wọ́n fà á jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn ìwo náà, ó ń tẹ̀ bí ìwo ṣe tẹ̀. Ibi tí orí ìgbálẹ̀ dé ni wọ́n fi ẹfun sàmì sí. Láti ibẹ̀ lọ sí ṣónṣó, kò sí ihò mọ́: ìyẹn la ó gé ṣe òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo èyí tó kù ni ife.

Fún bọ́tìnnì, wọ́n gé ibi tó fẹ̀ bí òrùka ńlá, wọ́n la ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi òróró pa á, wọ́n ń yí i lókè ẹ̀yinná. Bí irun tó ń jó bá ti ń rùn, ó ti ń rọ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣí i pẹ̀lú ẹ̀mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sáàárín pákó méjì, wọ́n fi fáìsì fún un. Èmi ti fẹ́ tú u wò, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Tí kò bá tíì tutù, á tún ká padà. Tí iná bá sì pọ̀ jù, ara rẹ̀ á lé ròrò, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́.

Sáńpépà ló kù, láti èyí tó rí gbágungbàgun dé èyí tó kúnná: nọ́ńbà 80, 120, 240, títí dé 1000, èyí tó kẹ́yìn pẹ̀lú omi. Ẹ fi nǹkan bo imú, eruku ìwo ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn náà ni eérú kíkúnná àti òróró lórí aṣọ àtijọ́. Bàbá gbé ife àkọ́kọ́ sójú oòrùn, ibi tó funfun níbẹ̀ sì mọ́lẹ̀ pọ́n bí oyin. Mo gbàgbé agbèrò, mo gbàgbé awakọ̀.

Wọn ò gba owó. Wọ́n kàn nawọ́ sínú àpò, wọ́n fa ìwo Rahaji kan ṣoṣo tí mo rí rà ní Kara jáde, èyí tí mo fi sílẹ̀ fún ìyàwó àti ọkọ, wọ́n ní, "Èyí ni owó mi." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ẹ ṣeun, Bàbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ife lọ́wọ́ mi, ẹ má bu tíì gbígbóná sí i o, á wọ́, òórùn Kara á sì jí padà. Ẹmu, sóbò tútù, omi lásán. Ẹ má sì sá a sóòrùn. Tí ẹnikẹ́ni bá mọ alápatà tó ń dú Rahaji ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ní í bi mí bóyá oògùn ni mo fẹ́ ṣe, kó jọ̀ọ́ bá mi gba nọ́ńbà rẹ̀. Ìgbéyàwó náà ti ń sún mọ́lé, n kò sì fẹ́ tún wọ bọ́ọ̀sì yẹn.