Àwòrán Òkè Ìdànrè Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Rẹ́
Ọyẹ́ ló ba àwòrán tí mo yà lórí Òkè Ìdànrè ní Sátidé jẹ́: ojú ọ̀run funfun bí ẹfun, àpáta sì rí bí eérú. Nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́, díẹ̀ ló kù kí n pa á rẹ́. Mo gé púpọ̀ nínú ojú ọ̀run kúrò, mo sì fi Dehaze, irinṣẹ́ inú Lightroom (áàpù tí a fi ń tún àwòrán ṣe), ṣí ọyẹ́ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, nítorí bí a bá fà á jù, ṣe ni ewé máa ń dúdú kọjá ààlà (ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí). Àwọ̀ rẹ̀ kò tíì wù mí, ni mo bá sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ìgbà náà ni ipa omi òjò lára àpáta tó hàn kedere. Màmá mi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé Ìdànrè náà nìyí?"