Ẹ má ya ègbè kúrò lára ẹsẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi, iṣẹ́ mẹ́rin tí ẹ ti fi ọ̀rọ̀ orin Bob Dylan wé ti Bruce Springsteen, àwọn olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjì, ni mo kà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mẹ́ta nínú wọn ṣe àṣìṣe tó gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà nípò tí ẹ wà yìí. Ara mi ò gbà á kí n dákẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ yéé ka iye ọ̀rọ̀ kí ẹ máa pè é ní ìjìnlẹ̀. Nínú àwo orin tí Springsteen kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1973, ọ̀rọ̀ ń tú jáde bí ìjàlọ, débi tí wọ́n fi ń pè é ní Dylan tuntun. Nígbà tó máa fi di ọdún 1978, ó ti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, orin rẹ̀ sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìkejì, ẹ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nínú "Like a Rolling Stone" tó kọ lọ́dún 1965, Dylan dojú kọ obìnrin kan tó ti rí já jẹ rí, ó ń bi í bó ṣe ń rí lára rẹ̀ báyìí tí kò nílé mọ́. Springsteen ní tirẹ̀ máa ń wọ ẹ̀wù ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni. Nínú "The River" ti ọdún 1980, ọkùnrin tó fún ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lóyún, tó gbéyàwó lọ́mọ ọdún 19, tí iṣẹ́ wá dá gúdẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń rojọ́. Láti ara ìgbésí ayé àbúrò Springsteen obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ni orin náà ti wá.

Ìkẹta ni èyí tó dùn mí.

Nígbà tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ mi, mo fa ìlà sí àárín ìwé: ẹsẹ lápá òsì, ègbè lápá ọ̀tún. Mo wá ń wé ègbè mọ́ ègbè. Nígbà tí mo dé "Born in the U.S.A." tí Springsteen gbé jáde lọ́dún 1984, tí ègbè rẹ̀ ń sọ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mi sí, mo kọ ọ́ pé ìyangàn ọmọ onílùú ni. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ "ó dára" sí i.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ náà, màmá kan nínú ìgbìmọ̀ ní, "Ọmọ mi, ka ẹsẹ tó kẹ́yìn." Mo kà á. Ọkùnrin tí wọ́n rán lọ jagun ní Vietnam nìyẹn, ó ti padà sílé, kò ríṣẹ́, ó dúró lẹ́bàá ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé iṣẹ́ ìfọpo, kò síbi tó lè sá lọ. Màmá náà ní, "Ó yá, ka ègbè lé e." Kí n tó kà á tán, ohùn mi ti há. Màmá wá tan fóònù rẹ̀, ó gbé orin kan náà sí i, bí Springsteen ṣe dá kọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì nílé lọ́dún 1982, tí kò jáde sáyé títí di 1998. Kò sí ìlù, jìtá àti ohùn rẹ̀ nìkan. Ègbè tí mo pè ní ìyangàn wá dà bí ẹni tí wọ́n tì síta, tó ń pe orúkọ ilé bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo wo ọ̀gá mi. Ìwé iwájú rẹ̀ ló ń wò. Kò sọ̀rọ̀, mi ò sì tíì gbàgbé.

Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Mò ń gbọ́ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mò ń kọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀, láìfa ìlà kankan. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ Dylan pàápàá. Ní ẹsẹ kìíní, obìnrin yẹn ń ju owó ẹyọ sí alágbe. Ní ẹsẹ kẹrin, òrùka ọwọ́ rẹ̀ ló kù tó máa fi dógò. Ìbéèrè inú ègbè ò yí padà, àmọ́ ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ ń mú kó túbọ̀ korò sí i. Ti Springsteen, ariwo ayọ̀ ló kọ́kọ́ jọ, ẹsẹ ló ń sọ ọ́ di igbe.

Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ fa ìlà sí ìwé yín, mi ò ní kọ "ó dára" sí i. Ẹ wá rí mi lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ sì mú ohun tí a máa fi gbọ́ orin dání.