Orin Ojú-ẹsẹ̀ fún Sinimá Aláìlóhùn: Eré Fíìmù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mọ̀

Bí àfihàn sinimá aláìlóhùn bá dàrú, onídùùrù tó ń lu orin sí i lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní orin rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé àwòrán lẹ́yìn, tàbí pé ó tán kí fíìmù tó tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà ló fi dánra wò nílé, èyí tí wọ́n gbé wá sí gbọ̀ngàn sì ń sáré jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn, ọwọ́ èèyàn méjì kì í sì í ṣe ọgbọọgba. Àwọn ìwé a máa sọ pé àwòrán 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni eré sinimá aláìlóhùn, ìyẹn bí àwòrán rẹ̀ ṣe ń yára kọjá tó. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ó wà láti 14 lọ dé 26, nígbà míì nínú fíìmù kan náà. Àwọn tó ń fi í han aráàlú tún máa ń mú un yá ju bí wọ́n ṣe yà á lọ. Nígbà tí ohùn wọnú fíìmù, ní 1926 sí 1927, ni 24 ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìlànà, torí ojú lè fara da eré tó ń yí padà, ṣùgbọ́n etí ò lè gbà á.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Fíìmù 35mm ní àwòrán 16 nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà róòlù ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ní àwòrán 16,000. Ní eré 16, yóò gba ìṣẹ́jú 16 àti àáyá 40. Ní 18, ìṣẹ́jú 14 àti àáyá 49. Ní 20, ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 20. Ní 24, ìṣẹ́jú 11 àti àáyá 7. Ẹ wá gbé fíìmù olóròólù mẹ́fà kalẹ̀: ìṣẹ́jú 89 ni yóò gbà ní 18, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fi í sí 24, ìṣẹ́jú 67 péré ló máa lò. Olórin tó ti to orin ìṣẹ́jú 89 sílẹ̀, níbo ni kó kó ìṣẹ́jú 22 tó ṣẹ́ kù lọ?

Báwo lẹ ṣe máa mọ eré tó tọ́? Ilé ìkófíìmù-pamọ́ tó ni ẹ̀dà náà ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn. Bí wọn ò bá sọ, ẹ fi ojú yín wò ó. Ẹ má wo ẹni tó ń jà tàbí tó ń sá fún ọlọ́pàá. Ẹ wo omi tó ń dà, aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹni tó ń dìde lórí àga. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ń yọ láàárín àwòrán náà: bí ẹ bá ráyè kà á jẹ́jẹ́ tán, tí ẹ tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì kó tó lọ, eré yẹn ò yá jù. Fíìmù àwàdà nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn aláwàdà ìgbà náà mọ̀ọ́mọ̀ ń yí kámẹ́rà jẹ́ẹ́ kí àwọn fúnra wọn lè yára lójú aṣọ funfun. Ẹni tó bá fa eré rẹ̀ sẹ́yìn títí ìrìn wọn fi dà bíi tèèyàn gidi ti pa ẹ̀rín.

Bó bá jẹ́ fíìmù gidi lẹ fẹ́ gbé sórí ẹ̀rọ, projector tí eré rẹ̀ ṣeé yí ni kí ẹ wá. Ọ̀pọ̀ tó wà nínú ilé sinimá, 24 nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ sì wo ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń dí iná láàárín àwòrán kan sí èkejì. Abẹ̀bẹ̀ olójú méjì ń jẹ́ kí iná tàn nígbà 48 ní àáyá kan bí eré bá jẹ́ 24, ojú ò sì ní fura. Bí ẹ bá fà á wá sí 18, iná á máa tàn nígbà 36, aṣọ funfun á sì máa ṣẹ́jú pàápàá níbi tó bá ti mọ́lẹ̀ gan-an. Olójú mẹ́ta ni oògùn rẹ̀: 18 lọ́nà mẹ́ta, 54. Ohun tó máa ná yín ni ìmọ́lẹ̀, nítorí ojú kẹta yẹn ń dí iná sí i, nítorí náà ẹ má fi àwòrán náà gbòòrò ju bí gílóòbù yín ṣe lágbára tó. Ilé ìkófíìmù-pamọ́ á tún ní kí ẹ lo projector méjì, kí ẹ máa bọ́ sórí èkejì bí róòlù bá tán. Wọn kì í gbà kí ẹ gé etí róòlù kí ẹ so wọ́n pọ̀. Wọ́n jàre, gbogbo ibi tí ẹ bá gé, àwòrán díẹ̀ ló bá a lọ.

Ti DCP, ìyẹn ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà fún ilé sinimá, rọrùn, àmọ́ ó ní àrékérekè tirẹ̀. Ìlànà gba eré 16, 18 àti 20, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan ò lè gbé e, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ni wọ́n ti sọ di 24 nípa ṣíṣe àtúnsọ àwòrán. Bó bá jẹ́ 18 tẹ́lẹ̀, àwòrán kẹta kẹta ni wọ́n ń fi hàn lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ 20, ìkarùn-ún karùn-ún. Ẹ máa rí i tí kámẹ́rà bá ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì: àwòrán á máa ta gìrì díẹ̀díẹ̀. Kò burú. Aago rẹ̀ ṣì tọ́, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì fún olórin.

Ẹ tún wo bí àwòrán náà ṣe fẹ̀ tó. Kí ohùn tó dé, àwòrán ló gba gbogbo àárín ihò etí fíìmù. Nígbà tí ohùn dé, ó gba ilẹ̀ lápá òsì. Bí ẹ bá fi ìbòjú fíìmù olóhùn sẹ́nu projector, apá òsì àwòrán á lọ, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ á sì máa di ẹni tí wọ́n gbé mì. Ìbòjú 1.33 (ìyẹn ni pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíga rẹ̀ lọ́nà 1.33) ni kí ẹ béèrè, pẹ̀lú lẹ́ńsì tó bá a mu. Lórí DCP, àwòrán tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 1440, tó ga tó 1080, ló máa wà láàárín àyè tó fẹ̀ tó 1998, tó ga tó 1080, nítorí náà ẹ fa aṣọ dúdú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé. Ọ̀pá eérú méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwà ọ̀lẹ ni.

Ilé náà ńkọ́? Ilé sinimá Hippodrome tó wà ní Bo'ness ní Scotland ni ẹ̀rí tó dára jù fún mi. 1912 ni wọ́n ṣí i, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣí ní 2009, àjọ̀dún sinimá aláìlóhùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ilé rìbìtì ni, ìjókòó rẹ̀ ò tó igba, nítorí náà piánò kan tí kò ní gbohùngbohùn ń dé etí gbogbo èèyàn. Irú ilé báyìí, wọ́n kọ́ ọ fún orin tí kò gba iná. Ẹni tó bá gbé sípíkà ńlá wọ inú rẹ̀ ń sọ òkò sínú kòtò omi ni: ohùn á máa ta padà lára ògiri àti àjà. Ó ti pẹ́ tí sinimá ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà: oṣù kẹjọ 1903 ni ilé-iṣẹ́ Balboa láti Spain fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn ní Glover Memorial Hall ní Èkó.

Àwọn ilé kan ní dùùrù sinimá olópàìpù tiwọn. Ilé sinimá Babylon ní Berlin ṣì ní ti 1929. Dùùrù yìí yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lágbára jù, ó sì ń lu ìlù, ó ń fọn fèrè ọkọ̀ ojú irin, ó ń ṣe bí ẹyẹ, ó ń ṣe bí pátákò ẹṣin. Awọ kéékèèké inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbó, nítorí náà ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Awọ tó ti ya tàbí ìdọ̀tí lẹ́nu fáàfù máa ń jẹ́ kí pàìpù kan máa dún láìdákẹ́, ó sì lè ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sin òkú lójú aṣọ funfun. Kí ẹni tó mọ pàìpù wọ̀nyẹn lórúkọ wà nítòsí láti yọ ọ́. Ooru náà ń dá tirẹ̀: bí yàrá pàìpù bá fi ìwọ̀n Celsius 10 gbóná sí i, ohùn àwọn pàìpù aláfọn, tí ń dún bíi fèrè, á gòkè tó ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo tó wà láàárín kọ́kọ́rọ́ funfun àti dúdú tó tẹ̀ lé e. Àwọn pàìpù aláhọ́n irin kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì á wá máa bára wọn jà. Ẹ mú ilé náà dé ìwọ̀n ooru tí yóò wà lálẹ́, kí ẹ tó pe atúndùùrùṣe. Piánò náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e dé àyè rẹ̀ tán ni kí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe, kì í ṣe ṣáájú.

Kí olórin rí àwòrán láìyí ọrùn ju díẹ̀ lọ. Apá òsì èrò ni piánò máa ń wà dáadáa, kó kọ ìdérí rẹ̀ sí èrò. Fìtílà kékeré tó ní ìbòrí ni kó wà lórí ìwé orin rẹ̀, kó má tàn ju ìwé lọ. Kí ẹni tó jókòó sábẹ́ aṣọ funfun wọ aṣọ dúdú. Mo mọ̀ pé léèsì funfun yẹ onílù, àmọ́ iná àwòrán á máa ta padà lára rẹ̀ sójú èrò.

Nípa orin fúnra rẹ̀, ìmọ̀ràn kan ni mo ní tí kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó. Bí ẹ bá fẹ́ dùndún, ẹ rántí pé ó ń sọ̀rọ̀. Bí onílù bá ń fọ oríkì lásìkò tí ọ̀rọ̀ ń yọ lójú aṣọ funfun, ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá tó wà nínú gbọ̀ngàn ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, etí á sì borí ojú. Kí ìyáàlù fọ̀ nígbà tí àwòrán bá dákẹ́, kí gúdúgúdú àti kẹríkẹrì gbé e lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan máa ka ọ̀rọ̀ náà sókè ní Yorùbá, ẹ wọn ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó gba àwòrán 180 á dúró fún àáyá 10 ní eré 18, ṣùgbọ́n àáyá 7 ààbọ̀ ní 24. Yorùbá lè gùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ lẹ́nu, nítorí náà ẹ tú u kó kúrú.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀tọ́. Ní Amẹ́ríkà, fíìmù àtijọ́ a máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín lẹ́yìn ọdún 95 tó ti jáde. Ìyẹn ò sọ ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà di ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ilé tó kó o pamọ́, orin tuntun tí ẹnì kan kọ sí i náà sì ní olówó.

Ìdánrawò kan pẹ̀lú ẹ̀dà gidi, lórí ẹ̀rọ gidi, látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni ó kéré jù. Kí ẹni tó wà nídìí projector àti olórin fi aago ọwọ́ wọn síra, kí wọ́n kọ àkókò ìparí róòlù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ó bá fi ju àáyá mẹ́wàá yàtọ̀ sí ìṣirò, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹni tó ń tan iná gbọ̀ngàn má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ «Òpin» lójú aṣọ funfun. Olórin ni kó máa wò, kó má sì fọwọ́ kan ohunkóhun títí onítọ̀hún yóò fi gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́.