Ẹ Yẹ Ara Ṣájà Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ẹ bá fẹ́ ra ṣájà lọ́jà Òkè-Ajé n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ má wo páálí nìkan. Ẹ yí ṣájà náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára.

Ibi tí wọ́n kọ INPUT (iná tó ń wọlé) sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. 100–240V, 50/60Hz ló bá wa mu, torí 230V, 50Hz ni iná ilé wa. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà ni. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì báyẹn, ó máa jó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ló ń bá èyí lọ, ó sì máa ń dunni gan-an.

Àmì CE ló ń tan èèyàn jù. Lórí ṣájà, ẹni tó ṣe ọjà ló ń fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, láti sọ pé ó bá òfin Yúróòpù mu. Kì í ṣe pé ìjọba kan ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ojúlówó, àyè wà láàárín lẹ́tà méjèèjì: bí ẹ bá fi bírò parí C di òbìrípo, á kan ẹ̀yìn E. Bí wọ́n bá fún mọ́ra, ẹ fura.

Àmì àpótí kékeré nínú àpótí ńlá ńkọ́? Ìdáàbòbò ìlọ́po méjì nìyẹn, kò nílò wáyà ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ òkè pílọ́ọ̀gì ṣájà fi lè jẹ́ rọ́bà. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ṣí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ.

Àmì MANCAP tí SON, àjọ tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà, ń fúnni wà fún ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. SONCAP ní tirẹ̀, ìwé ẹrù tó ń ti òkè òkun wọlé ni.