Ẹ́ńjìnnì kú sójú ọ̀nà Àfonífojì Ingenios

Dọ́là 30 ni mo san, àlọ àti àbọ̀, láti ìlú Trinidad ní Kúbà lọ sí Valle de los Ingenios, ìyẹn Àfonífojì Ingenios. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 15 lọ. A ò tíì dé ìdajì tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ yẹn fi súfèé, tó wúkọ́, tó sì kú. Oòrùn ń ta bí ata, omi ti tán nínú ìgò mi, gbogbo owó sì ti wà lápò awakọ̀. Inú bí mi gidigidi. Ẹ jọ̀ọ́, ìdajì owó ni kí ẹ san, ó di ìgbà tí ẹ bá padà délé kí ẹ tó san ìyókù.

Mo nawọ́ sí iwájú ọkọ̀: "Ṣé ẹ́ńjìnnì ni?" Awakọ̀ ní rárá, "motor" ni àwọn ń pè é. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gé rọ́bà lára túùbù kẹ̀kẹ́ kan, ó fi wáyà dì í mọ́ páìpù tó ń jò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, ọkọ̀ dáhùn! Ó fìka kan iwájú orí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Ingenio!"

Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti rọ̀, torí ọ̀rọ̀ tó mú mi wá sí àfonífojì yìí gan-an ló sọ yẹn. Látìnì ló bí i: ingenium, ọgbọ́n tí a bí mọ́ni. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi pe ohun tí ọgbọ́n gbé jáde. Àwọn Faransé ní engin, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn, ó di engine, àwa náà sọ ọ́ di ẹ́ńjìnnì. Gin, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ kóró kúrò lára òwú, ọmọ ìyá wọn ni. Ní Kúbà, ingenio di orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún ìrèké, tí wọ́n ti ń se ṣúgà.

Nígbà tí a dé àfonífojì náà, mo gun ilé ìṣọ́ Manaca Iznaga dókè, gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 45. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣọ́ àwọn ẹrú nínú oko, agogo rẹ̀ ló sì ń lé wọn lọ síbi iṣẹ́. Àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá, wà lára àwọn tí wọ́n kó wá sí Kúbà fún iṣẹ́ ìrèké. Ó di 1886 kí oko ẹrú tó dópin níbẹ̀. Ó dùn mí wọra pé ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọgbọ́n ni wọ́n fi sọ irú ibẹ̀ lórúkọ.

Nísàlẹ̀, wọ́n ń ta omi ìrèké, guarapo, tútù nini. Mo ra ife méjì, mo gbé ọ̀kan lọ fún awakọ̀ mi. Ó tún ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń yẹ rọ́bà náà wò.