Ìwé tí mo ń kọ sí Màámi

Ní alẹ́ àná, nígbà tí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo sì ṣí ìwé ìkọ̀wé tí mo ti ń kọ nǹkan sí láti ìgbà tí màmá mi ti papòdà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́: “Ẹ má bínú, Màámi, pé n kò gbé fóònù nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́ náà.” Omi ojú ti pa lára àwọn lẹ́tà rẹ̀ rẹ́.

Ìwádìí kan tí James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986 ni mo kà, nínú èyí tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìṣẹ́jú 15 kọ nípa ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù, fún ọjọ́ 4 léraléra. Mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, torí ta ló ń fi bírò wo ọgbẹ́ ọkàn? Síbẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀. Ká sòótọ́, alẹ́ méjì àkọ́kọ́ tilẹ̀ dá kún ìrora mi ni, n kò rí oorun sùn. Alẹ́ kẹrin ni mo ṣàkíyèsí pé n kò tọrọ àforíjì mọ́. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí Màámi ni mo ń kọ nípa rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe máa ń kán an sí àtẹ́lẹwọ́ tọ́ wò kí wọ́n tó fi iyọ̀ kún un.

Lánàá, mo kọ ọ́ sí wọn pé ọmọ mi kékeré ti ń béèrè wọn. Ojú ewé mẹ́ta péré ló kù.